Àyè Kò Tó: Bí Manchester Ṣe Wá Ibi Ìpamọ́ fún Kọ̀ǹpútà

Báìtì 128. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò pọ̀ ní Coupland Street, Manchester, lè rántí ní ọdún 1948 kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n kan bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti òde ìgbéyàwó ní Moss Side, kódà kó jẹ́ kílóbáìtì 128 péré, yóò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 1,024 kó tó ríbi dúró sí. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní gígábáìtì 64 fi ìlọ́po mílíọ̀nù 500 ju ẹ̀rọ náà lọ. Síbẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ni yóò máa kọ ọ́ sójú pé àyè kò sí mọ́, tí yóò máa wọ́ tìtì, tí olówó rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtira tuntun.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn kọ̀ǹpútà, ọpọlọ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yìn: bó ṣe ń yára ṣírò, bó ṣe ń dá ìpinnu ṣe. Ìtàn ti Manchester yàtọ̀. Ibi ìpamọ́ ni ìtàn tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ibi ìpamọ́ náà ni wọ́n sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ bá jà. Ohun tí wọ́n rí lẹ́nu ìjà náà wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn dòní.

Ẹ̀rọ tó lè ṣírò ti wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. ENIAC tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi han gbogbo ayé ní Philadelphia ní oṣù kejì ọdún 1946 lè ro nọ́ńbà 5,000 pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mélòó ló lè gbà sínú lẹ́ẹ̀kan náà? Ogún péré. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ mìíràn fún un, àwọn òṣìṣẹ́ á máa tú wáyà, wọn á máa ki wáyà bọ ihò, ó sì lè gbà wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó parí. Àwọn onímọ̀ ti rí ohun tó kàn. Kí àṣẹ iṣẹ́ àti nọ́ńbà jọ wà nínú ibi ìpamọ́ kan náà, kí ẹ̀rọ máa fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá fẹ́. Ibo wá ni kí wọ́n kó wọn sí?

Ní Cambridge, Maurice Wilkes àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lo páìpù gígùn tí wọ́n rọ mẹ́kúrì kún. Nọ́ńbà á gba ẹnu kan páìpù wọlé bí ìró, á rìn já sí ẹnu kejì, wọn á tún dá a padà sí ẹnu àkọ́kọ́. Ó ṣiṣẹ́, EDSAC wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ní oṣù karùn-ún ọdún 1949. Àléébù rẹ̀ ni ìdúró. Bí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń wá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú páìpù, àfi kó fọwọ́ lẹ́rán títí nọ́ńbà náà á fi yọ lódì kejì.

Freddie Williams gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ Romiley lẹ́bàá Stockport ni, iṣẹ́ rédà ló sì gbájú mọ́ nígbà ogun, Malvern ló sì ti ń ṣe é nígbà tí ogun fi parí. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó mọ gíláàsì onítànṣán tinú tẹ̀yìn, irú èyí tó máa ń wà nínú tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn gbàǹgbà ayé ìjọ́un. Nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1946, ó rí bí àwọn kan níbẹ̀ ṣe ń gbìyànjú kí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lè pa àwòrán rédà mọ́. Ó padà sí Malvern, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti rí bíìtì kan ṣoṣo tọ́jú sójú gíláàsì. Oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ló kó wá sí Yunifásítì Manchester gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Tom Kilburn, ọmọ Dewsbury ní Yorkshire, bá a wá. Ọmọ ọdún 25 ni Kilburn nígbà náà.

Bí gíláàsì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìtànṣán á já lu ojú gíláàsì láti inú, á sì fi iná mànàmáná díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bà. Àmì tóótó dúró fún òdo, àmì tó gùn díẹ̀ dúró fún ení. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo iwájú gíláàsì ló ń mọ èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí ìtànṣán bá tún gba ibẹ̀ kọjá. Wàhálà kan ló wà: iná náà kì í dúró. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fi ń tú ká, àmì á sì parẹ́. Ọgbọ́n tí Williams àti Kilburn dá sí i rọrùn títí ó fi jọ ẹ̀tàn. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa ka àmì kọ̀ọ̀kan kó tó parẹ́, kó sì tún un kọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà. Nígbà tí ọdún 1947 fi ń parí lọ, bíìtì 2,048 ni wọ́n ń tọ́jú sójú gíláàsì kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kò sí ọ̀rọ̀ ìdúró níbẹ̀ rárá. Igunkígun tí nọ́ńbà ì báà wà lójú gíláàsì, ìtànṣán á tọ̀ ọ́ lọ tààrà. Irú ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní RAM lónìí nìyẹn, èyí tí wọ́n máa ń kọ sára páálí tábúlẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe torí ìṣirò ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé wá ń pè ní Baby. Wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n lè dán ibi ìpamọ́ wò ni. Gíláàsì lè tọ́jú bíìtì dáadáa bí kò bá sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé ó lè ṣe é bí ẹ̀rọ bá ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́, tó ń kà á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀? Kilburn àti Geoff Tootill, ọmọ Chadderton lẹ́bàá Oldham, ló to ẹ̀rọ náà pọ̀ sórí pẹpẹ irin irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń lò. Fáàfù 550 ló wà nínú rẹ̀. Ó gùn ju mítà márùn-ún lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sínú rẹ̀ jẹ́ àjẹkù ogun, ara rédíò ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ti tú u.

Gíláàsì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ni àká gan-an, ìlà 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 32. Èkejì ń di èsì ìṣirò mú. Ẹ̀kẹta ń rántí àṣẹ tó kàn. Irin tí wọ́n fi bo iwájú wọn kò sì jẹ́ kí ojú ènìyàn rí nǹkan kan, ni wọ́n bá fi gíláàsì kẹrin kún un, tó kàn ń ṣàfihàn ohun tó wà lára àwọn yòókù. Ẹni tó bá dúró níwájú ẹ̀dà Baby tí wọ́n kọ́ ní 1998 ní Science and Industry Museum lónìí, gíláàsì kẹrin yìí ni yóò máa wò: àmì tíntìn-tín-tín lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn kan gùn ju àwọn kan lọ, wọ́n ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn lójúkorojú. Kò sí ẹ̀rọ òde òní tó tún jẹ́ kí ènìyàn rí tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ọjọ́ pípẹ́, àmì wọ̀nyí kàn ń jó kiri ni, èsì kankan kò yọ. Nígbà tó di Monday, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 1948, wọ́n dúró. Ètò oníàṣẹ 17 tí Kilburn kọ ló ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù, yàtọ̀ sí 262,144 fúnra rẹ̀, tó lè pín 262,144 láìṣẹ́kù. Ó fi ìṣẹ́jú 52 ṣiṣẹ́, ó gbé ìgbésẹ̀ bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, ó sì mú 131,072 jáde. Ọmọ ilé ìwé á kàn dá 262,144 sí méjì ni, tí yóò sì dáhùn kí ẹ̀rọ náà tó gbóná. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀nà tó jìn kí gíláàsì lè rí ìyà jẹ, gíláàsì sì fara dà á. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé nìyẹn tí kọ̀ǹpútà ẹlẹ́kítíróníìkì máa ṣe ètò tó wà nínú ibi ìpamọ́ òun fúnra rẹ̀. Wọn kò tọ́jú ìwé tí ètò ọjọ́ náà wà. Èyí tí wọ́n tún ṣe ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Tootill, pẹ̀lú ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje lókè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yà díẹ̀. Láti Coupland Street dé All Saints, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí Oxford Road. Níbẹ̀, nínú gbọ̀ngán ìlú Chorlton-on-Medlock, ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ṣe Àpéjọ Pan-African karùn-ún ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, tí Kwame Nkrumah, Jomo Kenyatta, George Padmore, W. E. B. Du Bois àti Jaja Wachuku tiwa jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè òmìnira. Kò tó ọdún mẹ́ta tó wà láàárín ìpàdé yẹn àti ọjọ́ tí Baby sọ̀rọ̀. Àdúgbò kan náà ni, èéfín ilé iṣẹ́ òwú kan náà ló bo ògiri méjèèjì. Ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Manchester mọ ilé méjèèjì.

Lẹ́yìn Baby, ìdánwò ti tán, iṣẹ́ gidi ti dé. Láàárín ọdún kan, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n pè ní Manchester Mark 1, wọ́n sì tún tètè rí i pé àyè kò tó. Gíláàsì yára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì gba nǹkan púpọ̀. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló parẹ́. Ni wọ́n bá gbé àgbá irin tí wọ́n fi èròjà mágínẹ́ẹ̀tì bò wá, àgbá tó ń yí láìdúró. Àgbá kò gbàgbé nǹkan nígbà tí iná bá lọ, ó sì gba ìlọ́po ìlọ́po ohun tí gíláàsì gbà. Ìlọ́ra ni tirẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù kan tí kì í yí padà ni wọ́n ń pè ní ojú ìwé kan, ojú ìwé ni wọ́n sì fi ń gbé ẹrù láti orí àgbá sí ojú gíláàsì, láti ojú gíláàsì padà sórí àgbá. Orúkọ yìí kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títí dòní.

Ìyá aláṣọ ní ọjà Dùgbẹ̀ kì í kó gbogbo aṣọ tó ní sórí tábìlì. Èyí tó ń tà ló máa ń tẹ́ síwájú, ìyókù wà nínú ìsọ̀ lẹ́yìn tàbí nílé, bí oníbàárà bá sì bèèrè èyí tí kò sí níta, ọmọ ọjà á sáré lọ mú un, wọn á sì ká aṣọ kan kúrò lórí tábìlì kí àyè lè gba èyí tó dé. Ìtajà ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ bí ìyá bá ṣe mọ ohun tó yẹ ní títẹ́. Ìṣòro àwọn ará Manchester nìyẹn gẹ́lẹ́: ta ni yóò máa pinnu ohun tó yẹ kó wà lójú gíláàsì, àti ohun tó yẹ kó padà sórí àgbá?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn ni. Oṣù kejì ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ Ferranti gbé Mark 1 tí wọ́n kọ́ fún títà wọ yunifásítì náà, ṣáájú kí UNIVAC ti Amẹ́ríkà tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò tó ti dé Manchester ní 1948, ló kọ ìwé atọ́nà fún àwọn tó fẹ́ lò ó. Kò sì rọrùn. Lẹ́tà àti àmì 32 ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wéránṣẹ́ (teleprinter) ni wọ́n fi ń kọ àṣẹ, ẹni tó ń kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ há wọn sórí. Òdo márùn-ún ni wọ́n ń kọ bí ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀, torí náà ìwé wọn kún fún ìlà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ súà, àwọn ará Cambridge sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò Manchester ló ń rọ̀ sórí bébà. Ní àfikún sí èyí, olùkọ̀wé ètò ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí ojú ìwé báyìí wá láti orí àgbá, kí ojú ìwé báyìí padà. Àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀, ètò á gun orí ara rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tí àyè há mọ́ níbòmíràn ń wò ó bí ibi ìtura. Christopher Strachey, olùkọ́ ilé ìwé kan, kọ ètò eré dírọ́ọ̀tì fún kọ̀ǹpútà Pilot ACE ní ìtòsí London ní 1951, ètò náà sì gbẹ́mìí ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà pátápátá. Nígbà tó gbọ́ pé ti Manchester gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní kí Turing fi ìwé atọ́nà ránṣẹ́ sí òun, ó sì tún ètò náà kọ fún un. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ náà kọrin láti inú agbohùn rẹ̀, BBC sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí 1951 tó parí. Ó tún kọ òmíràn tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ní 1952. Eré, orin, lẹ́tà ìfẹ́: ohun tó ń kún tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn tó ń kọ ètò ní Ferranti nígbà náà ni Mary Lee Woods, tó dúró gbọn-in pé iye tí ọkùnrin ń gbà ló yẹ kí obìnrin máa gbà, ilé iṣẹ́ náà sì gbà fún wọn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Conway Berners-Lee, wọ́n fẹ́ra wọn ní 1954. Tim, ọmọ wọn, ló dá World Wide Web sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹrù ojú ìwé kúrò lórí ọmọ aráyé ni Tony Brooker. Autocode rẹ̀ tó jáde ní 1954 gba ènìyàn láàyè láti kọ ètò bí ẹni ń kọ ìṣirò lásán, ètò náà á sì bójú tó àgbá àti gíláàsì fúnra rẹ̀. Ó lọ́ra ju èyí tí ọ̀jáfáfá bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ. Àwọn ènìyàn kò bìkítà, nítorí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ètò ti di ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti gíláàsì Williams, ọlá rẹ̀ kan gbogbo ayé, kò sì pẹ́. IBM gba àṣẹ láti lò ó, ó sì fi sínú kọ̀ǹpútà 701 rẹ̀ ní 1952. Lẹ́yìn náà ni òrùka mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké dé láti Amẹ́ríkà, tí wọn kì í tú iná dànù, tí wọn kì í sì í ṣàárẹ̀. Manchester fúnra rẹ̀ kò bá gíláàsì kú. Nígbà tó yá, òrùka ni àwọn náà ń lò.

Lẹ́yìn náà ni Atlas dé. Sir John Cockcroft ló ṣí i ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1962, ó sì wà lára àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé nígbà náà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé bí Atlas bá kú pẹ́nrẹ́n, ìdajì agbára ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni ohun tó mú un yàtọ̀. Òrùka rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ 16,384, tó jẹ́ ojú ìwé 32. Àgbá rẹ̀ gba bí ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn. Kilburn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe é tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ètò kò mọ̀ pé ibi méjì ni nǹkan wà. Lójú rẹ̀, àká ńlá kan ṣoṣo ni. Bí ètò bá bèèrè ojú ìwé tí kò sí lórí òrùka, ẹ̀rọ á dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, á gbé ojú ìwé náà wá láti orí àgbá, á sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Èwo ló máa lé kúrò kó lè rí àyè? Wọ́n fi ètò kan sí i tó ń kọ́gbọ́n. Ó ń ṣọ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó tún padà sí i, ó sì ń fojú bu èyí tí kò níí wúlò láìpẹ́. Èyí ló ń dá padà sórí àgbá. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ ti ń fúnra rẹ̀ tún ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ní Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni lákòókò yìí. Ìṣirò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, IBM sì dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ní Manchester, wọ́n yọ Atlas kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1971, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò bá a lọ.

Tú tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn bí ọwọ́ rẹ bá gbọ́n. Ibi ìpamọ́ méjì náà ni wàá bá níbẹ̀. RAM wà, tó yára, tó kéré, tó ń gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ. Flash wà, tó pọ̀, tó lọ́ra jù, tí kì í gbàgbé. Iná mànàmáná ni RAM fi ń rántí, iná náà ṣì ń tú ká bíi ti ojú gíláàsì Williams, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń kà á tó sì ń tún un kọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Robert Dennard ti IBM ló dá irú RAM yìí ní àwọn ọdún 1960. Èròjà ti yí padà, ọgbọ́n Coupland Street kò yí padà.

Ọgbọ́n Atlas náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí WhatsApp, tó ṣí YouTube, tó ṣí Bíbélì, tó tún ṣí eré fún ọmọ, tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń pinnu èyí tó máa dúró nínú RAM àti èyí tí yóò lé kúrò. Láti 2017 ni iPad ti ní ètò tó ń yọ áàpù tí wọn kò lò mọ́ kúrò fúnra rẹ̀, tó sì ń tọ́jú dátà inú rẹ̀ de ìgbà tí olówó á tún nílò rẹ̀. Ètò tó ń kọ́gbọ́n lára Atlas ni baba ńlá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Níbí ni ó ti yẹ kí a bá àwọn ènìyàn wa wí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí tábúlẹ́ẹ̀tì lè yára, àfi kí àwọn fi ìka fọ́n gbogbo áàpù dànù ní gbogbo ìgbà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Iṣẹ́ tí Kilburn ti gbà kúrò lọ́wọ́ ènìyàn láti 1962 ni wọ́n tún ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Áàpù tí wọ́n fọ́n dànù ní òwúrọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa tún kó o wọlé ní ọ̀sán, á sì jẹ bátìrì sí i. Áàpù tó bá gan pa nìkan ló yẹ fún ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni inú Flash, nítorí pé Flash kò lè kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu apá kan nù ná. Bó bá ti kún dẹ́nu, kò rí ibi tó máa kó ẹrù sí kó tó nu ilẹ̀, ni gbogbo nǹkan á bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Fídíò òde tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fíìmù tí wọ́n ti wò tán, eré tí ọmọ ti dàgbà kọjá: àwọn wọ̀nyí ló ń há àyè. Ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tàbí kí ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ sì tún un tàn, lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ pé ó ti gbó.

Manchester tún ní ọwọ́ nínú ọpọlọ tábúlẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cambridge ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà ARM ni wọ́n gbà ṣe ọpọlọ iPad àti ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì Android. Sophie Wilson àti Steve Furber ló ya ARM àkọ́kọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1985. Ọmọ bíbí Manchester ni Furber. Ní 1990 ó padà sílé gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kan náà tí Baby ti wá.

Turing ni àwọn ènìyàn mọ̀. Ère rẹ̀ wà ní Sackville Gardens láti 2001, àwòrán rẹ̀ sì wà lára owó 50 pọ́n-ùn láti 2021, ó sì tọ́ sí i. Williams gba oyè Sir ní 1976, ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kilburn kò gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn Manchester United paraku ni: bó bá kó ìdílé rẹ̀ lọ fún ìsinmi ní Blackpool, ó máa ń rí i dájú pé òun padà kí àwọn ọmọ United tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní sáà tuntun. Wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ètò ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà yẹn ni ètò kan ṣoṣo tó kọ láyé rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2001. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní Oxford Road.

Àwọn òbí tó ń gbé ní Longsight, Cheetham Hill àti Moss Side máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ wo Old Trafford nígbà ìsinmi. Ó yẹ kí wọ́n tún dé Liverpool Road, níbi tí ẹ̀dà Baby wà, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí báìtì 128. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀.